A Kan, A Méjì: Kọ̀ǹpútà Bàbá Akínọ̀ṣọ́

Tí ẹ bá dé Ajah, tí ẹ yà sẹ́yìn ọjà, tí ẹ sì béèrè Ràṣídì, wọ́n á bi yín pé Ràṣídì wo. Ẹ sọ pé Ràṣídì Kò-Kú. Wọ́n á mú yín wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Wọn ì báà gbé tẹlifíṣọ̀n tó ti dákẹ́ wá, wọn ì báà gbé kọ̀ǹpútà tí omi dà sí wá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu mi ni pé, "Kò kú." Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ títí di ọdún tó kọjá. Ní báyìí, tẹ́nì kan bá pè mí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà mi fún yín kí n tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo máa ń gbaná jẹ. Waliyat, tó ń ta ìbòrí fóònù, tó sì ń pààrọ̀ ojú fóònù tó fọ́ ní apá kejì ṣọ́ọ̀bù náà, máa ń sọ pé tí inú bá ti ń bí mi, etí mi ti di nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ọbáléndé ló kọ́ mi pé oníṣẹ́ tó bá ń bi kọ́sítọ́mà ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, àṣírí ara ẹ̀ ló ń tú. "Sọ pé o ti gbọ́," lọ̀gá mi máa ń wí, "tó o bá jókòó ti iṣẹ́ náà, wàá mọ bó o ṣe máa ṣe é." Mo gba ẹ̀kọ́ yẹn, mo fi ṣe ìwà. Kò sóhun tó ń bí mi nínú tó kéèyàn ní, "Ràṣídì, ṣé ó yé ẹ?" Ó yé mi. Ta ló sọ pé kò yé mi?

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni Bàbá Akínọ̀ṣọ́ wá sọ́dọ̀ mi, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Inú ẹ́sítéètì VGC ni wọ́n ń gbé, nílé ọmọ wọn. Tolúwani, ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, ló wa ọkọ̀ gbé wọn wá. Bàbá gbé nǹkan kan mọ́ àyà, wọ́n fi tówẹ̀ẹ̀lì wé e bí ìgbà tí wọ́n wé ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n tú u, kíbọ́ọ̀dù kan tó nípọn ni mo rí, àwọ̀ ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Mo ní, "Bàbá, kíbọ́ọ̀dù lèyí. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni kọ̀ǹpútà," ni wọ́n wí. "Inú kíbọ́ọ̀dù yìí ni gbogbo ẹ̀ wà. Tẹlifíṣọ̀n la máa ń so ó mọ́ nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì la sì fi ń kó iṣẹ́ sínú ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bá mi rà á lọ́dún 1987. Kò kú o. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ìyàwó mi wà nínú ẹ̀."

Ohun tí wọ́n fẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wá mọ̀ ọ́n dáadáa lẹ́yìn náà, kò le. Tẹlifíṣọ̀n òde òní ò gba àwòrán kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́, kásẹ́ẹ̀tì náà ò sì sí lọ́jà. Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà kékeré kan, bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí kò ju káàdì báńkì lọ, wọ́n fẹ́ kí n fi í kún ti àtijọ́ nínú ikùn kíbọ́ọ̀dù yẹn. Kékeré ni yóò máa gbé àwòrán lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, òun náà ni yóò máa tọ́jú iṣẹ́ dípò kásẹ́ẹ̀tì. "Àgbà á máa ronú, ọmọdé á máa jíṣẹ́," ni bàbá wí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣàlàyé yìí, fóònù wà létí mi, mò ń bá ọkùnrin kan jà tó ta ojú tẹlifíṣọ̀n tó ti là fún mi. Ìdajì ọ̀rọ̀ bàbá ni mo gbọ́. Mo kàn ń mi orí pé, "Ó yé mi, sà." Ọ̀rọ̀ ìyàwó wọn yẹn gan-an, mo gbọ́ ọ, mi ò bi wọ́n pé kí ló túmọ̀ sí.

Ohun kan tó wú mi lórí ni pé "ẹ" ni bàbá yìí fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, èmi ò tíì pé márùndínláàádọ́ta. Wọ́n lè bí mi lọ́mọ. Mo ti bá àwọn ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n pàdé nínú àwọn ẹ́sítéètì wọ̀nyí tí wọ́n ń pè mí ní "ìwọ," torí pé mo gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ ṣe é." Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ fún Waliyat pé ṣé o rí àgbà tó kàwé, tó mọ ọ̀wọ̀ oníṣẹ́. Inú mi dùn di alẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ̀wé lórí fóònù náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀: "E ku ise o. E ma yo panel inu e o." Pánẹ́ẹ̀lì là ń pe bọ́ọ̀dù ńlá tí iṣẹ́ ẹ̀rọ dúró lé lórí. Ẹ fetí sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí òun gan-an lọ̀rọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, ohun tí mo kà ni, "Ẹ má yọ pánẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ o." Mo ní ó dáa, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò ṣì í kà.

Mo tú kọ̀ǹpútà náà. Pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀ gba inú ẹ̀ já láti òsì dé ọ̀tún. Lápá òsì, ẹnì kan ti fi òjé lẹ wáyà tín-ín-rín kan mọ́ ọn, ó wá fi kútẹ̀ẹ́sì pupa, èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, kun ojú ibi tó lẹ̀. Mo pe Waliyat pé kó wá wo iṣẹ́ jákujàku. Mo ní, "Kútẹ̀ẹ́sì. Ṣé pánẹ́ẹ̀lì yìí ń lọ sóde ìyàwó ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Waliyat ò rín tó mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó ní ọwọ́ ẹni tó lẹ wáyà yẹn balẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá bí kékeré àti àgbà ṣe máa gbọ́ra yé. Wọn ò gbọ́ra yé. Tí àgbà bá tàn, kékeré á dákẹ́. Tí kékeré bá tàn, àwòrán á máa gbọ̀n lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ka ìwé tó bá kékeré wá, kò yé mi. Ẹ ẹ̀ rí i, mo sọ ọ́: kò yé mi. Ó rọrùn láti sọ báyìí. Lọ́jọ́ náà, tí ẹ bá fẹ́ pa mí, mi ò ní sọ ọ́. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju kí n pe bàbá, kí n ní, "Sà, ibi tí mo bá a dé rèé, agbára mi ò gbé e." Kàkà bẹ́ẹ̀, mo mú fóònù, mo tún ọ̀rọ̀ wọn kà.

Mo wò ó, mo tún un wò. Gbogbo wa la mọ̀ pé lórí fóònù, "ma" kan náà la fi ń kọ "má" àti "máa." Ẹni tó ní kéèyàn má ṣe nǹkan, "ma" ló kọ. Ẹni tó ní kéèyàn máa ṣe é, òun náà lè kọ "ma." Mo bá sọ fún ara mi pé, à-à, "ẹ máa yọ pánẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀" ni bàbá ń wí. Wọ́n ní kí n máa yọ ọ́. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá yọ ọ́, wàhálà ti tán, torí kọ̀ǹpútà kékeré yẹn nìkan lè díbọ́n pé òun ni kọ̀ǹpútà àtijọ́. Àwọn kan ti kọ ọ́ sínú ẹ̀ bó ṣe máa sín in jẹ, àwòrán ẹ̀, ohùn ẹ̀, gbogbo ẹ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ náà sí Waliyat létí bí mo ṣe fẹ́ kó rí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Brọ̀dá Ràṣídì, 'o' tí wọ́n fi parí ẹ̀ yìí, ìkìlọ̀ ni. Ẹ tún wo òkè." Ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí bàbá kọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí mo béèrè bóyá wọ́n ti délé: "A ti dele. E maa ba ise lo." Ó ní, "Ẹ rí i? 'A' méjì. Bàbá yìí, tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé 'máa,' 'a' méjì ni wọ́n ń kọ. Ẹyọ kan ni wọ́n kọ síbi pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ pè wọ́n."

Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní a-b-d báyìí? Ojú fóònù ni kó o máa pààrọ̀." Ó yí àga ẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo yọ pánẹ́ẹ̀lì náà. Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun tí a bá yọ lára ẹ̀rọ, tí ẹni tó ni ín ò bá sọ pé òun ń gbà á, tiwa ni. Habeeb, tó máa ń gbé àpò kiri Ajah láti ra ẹ̀rọ tó ti kú, kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo jù ú sínú àpò ẹ̀ mọ́ àwọn bọ́ọ̀dù mìíràn, kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ kékeré mọ́ ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, mo dì í padà, mo nu ara ẹ̀ títí ó fi ń dán.

Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé e lọ sí VGC. Bàbá ti tẹ́ ìnura sórí tábìlì, wọ́n ti múra sílẹ̀ dè é. A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán sì yọ, ó mọ́ kedere. Bàbá tẹ nǹkan, ó dáhùn. Tolúwani pàtẹ́wọ́. Bàbá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi." Ọ̀gá mi. Mo gbà á. Mo tilẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn lórí àga.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé apá òsì kọ̀ǹpútà náà, wọn ò gbé e kúrò.

"Kò gbóná," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà."

"Rárá. Ibí yìí máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́." Wọ́n ní kí Tolúwani mú irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù wá. Mi ò lè sọ pé kó má mú un wá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tú u tán. Inú kọ̀ǹpútà náà ṣófo bí yàrá tí ayálégbé ti kó jáde. Káàdì kékeré yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, òun àti gọ́ọ̀mù mi.

"Pánẹ́ẹ̀lì dà?" Wọn ò pariwo. Wọ́n béèrè bí ẹni tó ń béèrè ibi tí ẹnì kan nínú ilé lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́, sà."

"Èmi?"

Mo yọ fóònù, mo nà án sí wọn. Àmọ́ kí n tó nà án, mo fi àtàǹpàkò bo òkè ojú fóònù, ibi tí "E maa ba ise lo" wà. Ọlọ́run rí mi. Ojú bàbá ò dá ṣáṣá, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, ètè wọn ń mì. Mo di fóònù náà mú bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kà á tán.

"Hẹn-ẹn," ni wọ́n wí. "Mi ò fi àmì sí i. Mo fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà, mo kọ 'ma,' mi ò fi àmì sí i. Kí ni kí ẹni tó ń kà á wá ṣe?" Wọ́n jókòó. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà náà kú lọ́dún 1991, àwọn fẹ́ jù ú nù, Bọ́sẹ̀ ìyàwó wọn ló ní kí wọ́n gbé e fún òun. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù lobìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó sí tábìlì ìjẹun, ó lẹ wáyà kan mọ́ ọn, kò rí nǹkan tí wọ́n fi ń bo ojú òjé, ó wá fi kútẹ̀ẹ́sì ẹ̀ kùn ún. Ọdún mẹ́fà nìyí tó ti kú. "Ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí, òun nìkan ló kù," ni bàbá wí.

Mo rántí ẹ̀rín tí mo rín.

Lẹ́yìn náà ni bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Mo fi ìkọkúkọ mi kó bá yín." Ẹ mọ èsì tí mo fọ̀? Mo ní, "Kò burú, sà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀." Mo dárí jì wọ́n. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún bẹ̀ mí fún ohun tí èmi ṣe, mo sì gbẹ̀bẹ̀. Tolúwani kàn ń wo àtàǹpàkò mi.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Habeeb ni mo sá lọ. Ó ní wọ́n ti kó àpò náà sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, pé ibi tí wọ́n ń kó o lọ, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ. Mo ní kó bá mi pe ẹni tó kó o. Ẹni náà ní kútẹ̀ẹ́sì wo, ó rẹ́rìn-ín, bí èmi náà ṣe rín in.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Kò parí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan dé láti ọ̀dọ̀ bàbá: "Ẹ káàárọ̀ o, Ràṣídì. Ṣé dáadáa lẹ jí? Mo ní kí Tolúwani fi lẹ́tà Yorùbá sórí fóònù mi, kí irú ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn." Gbogbo ẹ̀ pé, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á kí mi kú Jímọ̀, Kristẹni ni wọ́n, wọn ò sì gbàgbé àmì kan rí. Mo mọ bó ṣe ń pẹ́ tó láti tẹ àmì kan lórí fóònù. Ká ní wọ́n bú mi ni, màá mọ ohun tí màá fi fèsì.

Wọ́n tún wá ń rán èèyàn sí mi. Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, aládùúgbò wọn, gbé rédíò kan wá, ó ní, "Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ní olóòótọ́ ni yín. Wọ́n ní àwọn ló kọ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ sì fara dà á." Waliyat ń fi ojú fóònù kan sípò nígbà tí ó sọ ọ́. Ó gbọ́. Kò gbójú sókè. Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì pé mi ò ráyè ṣe rédíò. Mo ráyè.

Nígbà tí ó lọ, mo sún àga mi sọ́dọ̀ Waliyat. Mo ní, "Jọ̀ọ́, bá mi fi lẹ́tà Yorùbá sórí fóònù tèmi náà. Kò yé mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ó gbà á, ó ṣe é, ó fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fi kọ ohun tí mo kọ:

"Bàbá, nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, 'ẹ má yọ' ni mo kà. Iṣẹ́ náà ló ṣòro fún mi, mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àtàǹpàkò mi wà lórí ibi tí ẹ ti kọ 'a' méjì. Mo fi iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó yín rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹ máa bínú sí mi, sà. Màá wá dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Waliyat kà á kí n tó fi ránṣẹ́. Ó tọ́ka sí "Ẹ máa bínú," ó ní ṣé mi ò ṣì í kọ. Mo ní rárá, 'a' méjì ni mo fẹ́ níbẹ̀.

Èsì ò dé títí a fi kírun Àsárì nírọ̀lẹ́. Nígbà tó dé, kò gùn. "Mo ti kà á. Mo ń bínú. Má wá." 'A' inú "Má" ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹyọ kan ni, àmì sì wà lórí ẹ̀. Ìgbà tí mo tún un kà ni mo tó rí i pé kò sí "ẹ" níwájú ẹ̀ mọ́.